Igbá Ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àtijọ́. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle àti oorun tó tó, torí mo mọ̀ pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin kì í sùn bí ẹlòmíì ṣe ń sùn. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Aṣọ oníbàárà wà lórí maṣíìnì, oorun ń kùn mí, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ ló mú mi gbé bírò, ahun tí o fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí iṣẹ́ gbé ọ lọ. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ tó kọjá pé, "Bàbá mi, ẹ máa wo igbá ẹ̀yìn rẹ̀ o. Bí kò bá dàgbà bó ṣe yẹ, màá wá gbé e." Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ká lẹ́tà náà sápò.

Bí mo ṣe ń wò ó ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ. Bí oṣù bá ti lé, mo máa ń na téèpù sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń wọn ẹ̀yìn oníbàárà. Ó sàn ju ọ̀pọ̀ wọn lọ: kì í fa ikùn wọlé, kì í sì í bá mi jiyàn. Oṣooṣù ni téèpù ń gùn sí i, inú mi a sì máa dùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ pé Jẹ́jẹ́ ń dàgbà bí ọmọ tó ń mu ọmú. Mo tilẹ̀ lá a lálàá lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ó wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó ní kí n rán kóòtù fún òun. Mo ń gé aṣọ, mo ń gé, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tán. Aṣọ náà gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó gba títì lọ, èmi ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, ara mi sì fúyẹ́.

Aránbàtà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tí o ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi, ló jí mi lójú àlá yẹn. Jẹ́jẹ́ ń kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ahun yín ló ń lọ yìí àbí òkè ló ń rìn?" Mo bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn ahun náà, mo rí i pé awẹ́ awẹ́ tó para pọ̀ di igbá rẹ̀ ti yọ gọnńgọ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìkúùkù ọmọdé. Mo gbé e sínú agbọ̀n, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

Obìnrin ni dókítà náà, kò lè ju ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin lọ lọ́jọ́ orí. Mo fi téèpù mi yangàn níwájú rẹ̀. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó gbé Jẹ́jẹ́ sórí tábìlì, ó gbé pákó kan dúró síwájú rẹ̀, ó gbé òmíràn dúró sẹ́yìn, ó wá fi rúlà wọn àárín méjèèjì. Ó ní, "Bàbá, téèpù yín ń gun òkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Igbá yìí ló ń wú sókè, ahun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i." Ojú tì mí. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi wọn ikùn àwọn ọkùnrin, tí mo mọ̀ pé ikùn ńlá kò sọ ènìyàn di ẹni gíga! A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ etí igbá náà, ó rọ̀ díẹ̀. Ó bi mí pé kí ló ń jẹ. Mo wo ilẹ̀. Búrẹ́dì ni, ọmọ mi, àti ẹyin, àti ìrẹsì inú àwo mi, nínú ilé ìdáná tí oòrùn kì í dé. Mi ò lè dá jẹun. Mo máa ń gbé e sórí tábìlì níbi tí o máa ń fi ìgúnpá lé, kí n gé tèmi, kí n gé tirẹ̀. Ìfẹ́ ni mo pè é.

Dókítà ní kó máa jẹ koríko àti ewé, kí n lọ èèpo ẹyin kúnná, kí n máa bù ú wọ́n orí ewé náà, kí ó máa wẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí oòrùn àárọ̀ sì máa pa á. Ó ní èyí tó ti wú kò ní lọ sílẹ̀ mọ́ láéláé. Ohun tuntun tó bá hù láàárín awẹ́ kan sí èkejì ni kí a máa wò. Bó bá hù pẹrẹsẹ, kó dúró sọ́dọ̀ mi. Bó bá tún ń wú, kí n ránṣẹ́ sí ọ kí o wá gbé e. Ọ̀rọ̀ náà yé mi, torí ibi tí aṣọ kan ti pàdé èkejì ni iṣẹ́ mi.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé la wà láràárọ̀. Èmi á jókòó sórí àpótí, òun á máa já koríko pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìrì á sì máa tàn lára ẹ̀yìn rẹ̀. Nǹkan kan wà nínú wíwo ahun tó ń jẹun tó máa ń jẹ́ kí ara ènìyàn dẹ̀. Àkókò á kàn dúró. Mi ò ní mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo jí. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè lọ́nà jíjìn, mo máa ń sọ fún un pé ìyá ẹ ló ń lọ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ojú irin tìrẹ kò gba ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu-Ò-Sinmi máa ń gbé àga tirẹ̀ wá, kódà òun náà kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ìyókù rèé, kò sì rọrùn láti kọ. Lọ́jọ́ tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, tí agbọ̀n wà lórí itan mi níbi tí a ti ń dúró, mo gbọ́ tí ọkàn mi ń sọ pé kí igbá náà má dára. Bí kò bá dára, ìwọ yóò wá. Mo fẹ́ràn ẹranko yìí, mo sì ń fẹ́ kó ṣàìsàn kí n lè rí ọ. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

Dókítà pè mí sábẹ́ iná pé kí n wá wò ó. Láàárín awẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà funfun kan ti hù yí ká, ó tẹ́ bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Etí igbá ti le. Pákó méjèèjì náà ti jìnnà síra wọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní, "Bàbá, kò ní lọ síbì kankan. Ọ̀dọ̀ yín ló máa wà." Mo dúpẹ́, mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn ní tòótọ́. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, mo jókòó sétí ọ̀nà, mo sunkún díẹ̀. Jẹ́jẹ́ yọ orí nínú agbọ̀n, ó wò mí, ó fa orí rẹ̀ padà.

Nítorí náà, kò sí ohun tó pọn dandan kí o wá wò. Ahun rẹ ń dàgbà dáadáa, bàbá rẹ kò ṣàìsàn, òrùlé kò jò. Síbẹ̀ mo ní kí o wá, ọmọ mi. Àárò rẹ ń sọ mí. Má dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nílé kí o tó mọ ọ̀nà. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìsinmi, wá lásán.

Irin tí ò ń tẹ̀ kò ní yẹ̀. Àwọn tí o gbé kò ní ṣòfò, ìwọ tí o gbé wọn kò ní ṣìnà. Oúnjẹ kò ní korò lẹ́nu rẹ. Bí o ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni o ó máa padà bọ̀ ní àlàáfíà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Télọ̀ Àgbà.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: Bí o bá ń bọ̀, má wulẹ̀ kọ̀wé ṣáájú, kí n má baà máa dúró lójú fèrèsé. Gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé. Bí o bá bá mi lójú oorun, jí mi.