Bàbá Mi, Ọwọ́ Ni Mo Fi Ń Wọn Oúnjẹ Mi Báyìí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ ni mo jókòó sí, níbi tí ẹ máa ń tẹ́ awọ àgùntàn yín sí bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àlàásárì tán ni. Kéwú tí ẹ fi agídí kọ́ mi, tí àwọn ará àdúgbò ń bi yín pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ṣe, lẹ́tà rẹ̀ ni mo fi ń kọ Yorùbá yìí sí yín. Mo mọ̀ pé ìwé kì í dé ọ̀run. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún mi, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé yìí tí mo lè sọ ọ́ fún.

Bùràímọ̀, àbúrò mi, ti wá bá yín. Bóyá ẹ ti rí i kí n tó mú gègé. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ó ti rí i pé ó rù, pé egungun èjìká rẹ̀ yọ síta. Ẹ ó sì ti máa bi í pé kí ló dé tí a kò fún un ní oúnjẹ. Bàbá, a fún un. Bí ó ṣe jẹ́ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ọjọ́ tí a sin yín ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ara yín wúwo. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ wà láyé, a sì ń fi í yangàn, nítorí pé ẹni tó bá rí yín á mọ̀ pé àwọn tó fi ogun lé wa kúrò l'Ékòó kò rí wa mú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń sọ̀ yín kalẹ̀ sínú sàréè, ilẹ̀ yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Bùràímọ̀ ló wà nísàlẹ̀ tó fẹ́ gbà yín. Ẹ wó lé e láyà, ó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ̀lú yín lórí rẹ̀. Wọ́n tètè gbé yín kúrò, wọ́n tẹ́ yín bó ṣe yẹ, Àfáà sì ń bá àdúà lọ. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí a fi délé. Èmi ni mo rí ojú àbúrò mi nígbà tó gòkè wá. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀.

Àwa méjèèjì la jogún ara yín. Ìyá wa ni kò sanra rí. Bí mo bá rántí bí ẹ ṣe di ẹni tó sanra, n kò lè bá yín wí. Mo ti lè ru ìkòkò nígbà tí a gba orí ọ̀sà sá wá sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yìn Ìyá ni Bùràímọ̀ wà. Mo rántí pé ẹ máa ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó mu omi, ẹ ó ní ẹ ti jẹun lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Mo gbàgbọ́ nígbà náà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó ro ó pé ọ̀rẹ́ wo lẹ ní ní Ẹ̀pẹ́ nígbà yẹn? Nígbà tí ẹja wá ń wọlé, tí ẹ ní ọkọ̀ tiyín, ẹ búra pé ebi kò ní mọ ọ̀nà ilé yín mọ́. Ẹ máa ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò kí ẹ tó bọ́ agbádá. Bí kò bá kún, ẹ ó ní kí wọ́n fi kún un. Ẹ̀ ń jẹun bí ẹni pé ebi náà ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró dè yín. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí èémí yín sì ń ké bí ẹ bá ti ń gòkè bọ̀ láti etí omi. Àárín ọ̀nà ni ẹ máa ń jókòó sí, ẹ ó máa kí àwọn tó ń kọjá bí ẹni pé torí wọn lẹ ṣe jókòó.

Nígbà tí ẹ lọ, èmi ni mo gba òwò ẹja gbígbẹ tí ẹ ń gbé lọ sí Ìkòròdú. Ọ̀fọ̀ yín sì mú mi jẹun púpọ̀. Bí mo bá sunkún, mo jẹun. Bí mo bá fẹ́ má sunkún, mo jẹun. Nígbà tó yá, bí mo bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń ti ara mi dìde. Lọ́jọ́ kan ní etí omi Ìkòròdú, ọlọ́kọ̀ wo mí, ó wo ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí n jókòó sáàárín gan-an, kí n má ṣe mira. Lẹ́yìn náà ló bẹ àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ti wọlé pé kí wọ́n dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọn kò sì wo ojú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Ẹ rántí ìyá arúgbó tó máa ń gbé èèpo igi àti egbò wá láti Agbówà ní ọjọ́ ọjà? Òun ni mo tọ̀ lọ, mo sì mú Bùràímọ̀ dání. Ó tẹ ẹsẹ̀ mi, ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí, ó sì bi mí pé kí ni mo ti jẹ láti àárọ̀. N kò lè sọ ọ́. Mo ní oúnjẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò fún wa ní àgbo, ṣùgbọ́n ìkúùkù rẹ̀ ló nà sí wa.

Ó ní, "Ọwọ́ oníkálùkù ni Ọlọ́run fi ṣe òṣùwọ̀n fún un. Iyán tó tó ìkúùkù, ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀fọ́ bí ẹ bá ṣe fẹ́. Bí ó bá lé díẹ̀, ó lé náà nìyẹn. Ilẹ̀ á mọ́ lọ́la."

Ó ní bí mo bá ń tẹ́ ẹní, kí n rántí ohun tó gba ẹnu mi kọjá lọ́jọ́ náà, bí ènìyàn ṣe ń rántí àwọn tó kí i lọ́nà. Èyí tí mo bá gbàgbé, kí n gbàgbé rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, Bàbá. Ó kọ́kọ́ le. Ebi máa ń jí mi, ìkòkò sì máa ń pè mí lórúkọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi, mo sì jẹ ẹ́ títí n kò fi lè dìde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ kan ṣoṣo ni mo tú, ayé sì ń lọ. Díẹ̀díẹ̀, ìró mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìṣẹ́po tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Bùràímọ̀ kò fara mọ́ ọwọ́. Ó ní ọwọ́ lè le lónìí kó dẹ̀ lọ́la, pé ẹni tó bá ń fi ọwọ́ wọn nǹkan, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ó wá igbá kékeré kan, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa àmì sí inú rẹ̀. Ibi àmì náà ni yóò tẹ iyán rẹ̀ dé, yóò sì fi ọ̀bẹ ha èyí tó bá lé kúrò. Mo kọ́kọ́ yìn ín. Ọrùn rẹ̀ yọ jáde, àwọn ènìyàn ń kí i lọ́jà pé ara rẹ̀ fúyẹ́. Nígbà tó yá, kò bá wa jẹun nínú àwo kan náà mọ́, nítorí pé ẹni tó bá ń bá ènìyàn tọwọ́ bọ àwo kò lè mọ iye tó jẹ. Ẹ mọ̀ pé nínú ilé yín, àwo kan la máa ń yí ká. Ó máa ń gbé igbá rẹ̀ kọjú sí ògiri, Ìyá á sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí Ìyá bá yọ́ fi ẹja díẹ̀ kún ọbẹ̀ rẹ̀, yóò yọ ọ́ sórí ewé. Bí ó bá sì ṣèèṣì jẹ kọjá àmì, lọ́jọ́ kejì kò ní fi nǹkan kan ẹnu títí di mọ̀gàríbì, bẹ́ẹ̀ oṣù ààwẹ̀ kọ́.

Mo bá a sọ̀rọ̀. Etí omi la wà, à ń di ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Bùràímọ̀, o ti rù tó."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́ ni Bàbá wó lé láyà."

Bàbá, kí ni ǹ bá fún un lésì? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ̀ bá sọ fún un?

Nígbà òjò, ó gbé ẹja lọ sí Ìkòròdú dípò mi, ó sì gbàgbé igbá rẹ̀ sílé. Ilé ọ̀rẹ́ yín tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ yín níbẹ̀ ló wọ̀ sí. Wọ́n gbọ́ oúnjẹ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń dúpẹ́, ó ń ní òun ti yó. Omi ló ń mu. Ìyàwó ọ̀rẹ́ yín ló sọ fún wa lẹ́yìn náà, ó ní àwọn rò pé ojú ló ń ti í. Bí ó ṣe ń bọ̀ nílé, òjò pa á lórí ọ̀sà. Ibà ló gbé délé.

A ránṣẹ́ sí ìyá Agbówà, ó sì wá kíá. Ó fún un ní àgbo. Ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní àgbo kò lè dá ìjà jà, pé kò sí ohun tó kù nínú ara rẹ̀ tí yóò bá ibà wọ̀yá ìjà. Kò bá mi wí. Ó kàn ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ń nù ún ṣáá.

Ìyá po ògì gbígbóná, ó bù ú sínú àwo ńlá. Bùràímọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ mú igbá òun wá. Ìyá lọ mú un wá, ó bu ògì sí i. Àbúrò mi gbé orí díẹ̀ kúrò lórí ẹní, ó wo inú igbá náà.

Ó ní, "Ìyá, ẹ ti bù ú kọjá àmì."

Ìyá kò bá a jiyàn. Ó dà díẹ̀ padà sínú àwo ńlá, pẹ̀lú sùúrù, títí àmì náà fi hàn. Nígbà náà ló tó mu. Kò mu tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó fi ayé sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń sin ín, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú sàréè, ọwọ́ ẹnì kan náà ló sì gbà á. Bí ẹni gba ọmọ tuntun ni. Mo dúró lókèèrè pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo ń wò ó, mo sì ń ro ti ọjọ́ tiyín. Èwo ló dára, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ wúwo, àbí òun tó fúyẹ́? Ṣé ẹ ti bá a sọ ọ́ pé ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ wó lé e? Ṣé ẹ ti fà á mọ́ra?

Ìyá wa sọ igbá náà sínú ọ̀sà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun náà kò jẹun mọ́. Kò ṣàìsàn. Ó ní oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu òun, pé bí òun bá ti fẹ́ gbé e mì, ó ń há òun lọ́fun. Ẹ mọ̀ pé kò ní ẹran lára tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń tẹ́ ẹní báyìí, tèmi kọ́ ni mo ń rò. Tirẹ̀ ni. Mo ń rántí pé ó bu ẹ̀kọ díẹ̀ láàárọ̀, pé ó fọwọ́ kan ẹja ní ọ̀sán, pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun kò ju ìdajì lọ. N kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun. N kò sì bi í léèrè. Àwo kan la ń jẹ, mo ń fi sùúrù jẹ, kí n má baà yó ṣáájú rẹ̀, kí n sì fi òun nìkan sílẹ̀ ti èyí tó kù. Bí ó bá jẹ ju ti àná lọ, mo dúpẹ́. Bí kò bá tó ti àná, mo ní ilẹ̀ á mọ́.

Ní ti ara mi, mo ń dìde lórí ìrun láìfọwọ́ tilẹ̀. Mò ń gòkè láti etí omi láìjókòó sọ́nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń dúró díẹ̀ níbi tí ẹ máa ń dúró sí. Mo ṣì tóbi, ẹni tó bá rí mi á mọ̀ pé ọmọ yín ni mí. Bí ìyá Agbówà bá ti na ìkúùkù sí ẹ̀yin náà nígbà ayé yín, ṣé ẹ̀ bá gbọ́? Àbí ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní kí wọ́n bu iyán fún òun náà?

Lánàá mo ro ìkọ́kọrẹ́, mo fi ẹja tútù sí i. Mo gbé e síwájú Ìyá, mo jókòó tì í. Ó fi ìka bù ú, ó tọ́ ọ wò, ó sì dáwọ́ dúró. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rò pé yóò tì í sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. Ó wò mí.

Ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

Láti ọjọ́ tí Bùràímọ̀ ti lọ, kò tíì mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú nǹkan tàbí kò sí. Mo sáré wọ ibi ìdáná lọ bu iyọ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo sunkún, kí ó má baà rí mi. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ̀yin àti àbúrò mi sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Èmi náà á tọ́jú Ìyá.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin, tí kò tíì yé pè yín.