Bíréèkì Ẹ̀yìn Alùpùpù Junie

Corinne ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Denver níbẹ̀? Junie ọmọ rẹ ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé yín mì, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àwa náà wà ní Montana níbí, a ò kú, a ò sì sinmi. Yìnyín ò tíì yọ́ tán lẹ́yìn abà, àwọn màlúù ń bímọ tọ̀sán-tòru, orúnkún ìyá rẹ sì ń dùn ún débi pé ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó ilé. Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù kékeré onítáyà mẹ́rin tí Junie gùn kó sínú kòtò nígbà Àjíǹde ni mo fi kọ̀wé. O ní títí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi mú, ọmọ rẹ ò ní tẹ ilẹ̀ wa mọ́. O jàre. Ni mo bá ní kí n ra tuntun lórí fóònù tí o rà fún mi. Kí wọ́n tó tà á, wọ́n ní ṣé ènìyàn ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò gbà. Wọ́n kó àwòrán jáde, wọ́n ní kí n tọ́ka sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyọ kan ní gbogbo agbègbè wa. Ìyá rẹ ló gba fóònù, tó jẹ́rìí fún wọn pé ènìyàn lòun ń bá gbé láti ọjọ́ yìí wá.

Ọkùnrin kan wà nínú fóònù náà tó ń kọ́ni bí a ṣe ń pààrọ̀ bíréèkì. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní kó dúró kí n mú sípánà wá, kí n tó dé, ó ti tú táyà, ó ti yọ agolo irin tó bo bíréèkì, ó ti ń nuwọ́. Àwọn ọmọ òde òní ò ní sùúrù. Mo bá dá a ṣe.

Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ. Ohunkóhun tó bá ń yí lóko yìí, gírísì ni mo fi ń kí i. Mo kun bíréèkì tuntun náà dáadáa, mo gun alùpùpù ọmọdé, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mo tẹ bíréèkì lórí òkè, kò gbọ́. Òkìtì ìgbẹ́ màlúù ló dá mi dúró. Delbert aládùúgbò wa ń kọjá lọ, ó ní ṣé mo sọ nǹkan nù síbẹ̀ ni. Ó ní gírísì ti wọ bíréèkì náà lára, kò ṣeé fọ̀. Bí mo ṣe tún padà lọ jẹ́ ènìyàn lórí fóònù láti ra òmíràn nìyẹn.

Ó ti ń mú báyìí. Nírọ̀lẹ́ mo máa ń gùn ún sọ̀kalẹ̀ dé géètì, mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbọn-in. Màá wo ojú ọ̀nà díẹ̀, kí n tó yí padà sílé.

Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé láti tọrọ owó bíréèkì náà. Corinne, fi owó náà ra epo sí ọkọ̀ rẹ. Ọjọ́ tí a ó fi irin gbígbóná sàmì sára àwọn ọmọ màlúù ti dé tán, gbogbo aládùúgbò ń bọ̀, àwọn ọmọdé ni yóò sì máa da ẹran wá, bí ìwọ náà ti máa ń ṣe ní kékeré. Mú Junie wá. Nígbà Àjíǹde, orúnkún rẹ̀ ti ń kan ọwọ́ alùpùpù náà, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ kò ní gbà á mọ́. Mo rí bíréèkì fi sí alùpùpù, n ò rí èyí tí màá fi sí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń dàgbà.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀nà yín, kó jẹ́ pé ojú wa la ó fi rí yín.

Bàbá rẹ, ènìyàn gidi, ìyá rẹ jẹ́rìí,
Virgil