Mo Ti Ta Àga Ìfẹ̀yìntì Náà

                                        Àjà Kejì, Ilé Alátẹ̀gùn Irin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfowópamọ́,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́ṣẹ mi tòótọ́,

Báwo ni ara? Orúnkún rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo yẹn ńkọ́? Ṣé baálé rẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tí iṣẹ́ ọdẹ alẹ́ fi sí i láyà? Ìyàwó ọmọ rẹ tí oṣù rẹ̀ ti pé, àdúrà mi ni pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Gbogbo ará yàrá ìfọṣọ ọsibítù ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ ńlá yẹn ṣì ń bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù?

Èmi náà wà o. Mo mọ̀ pé ìròyìn mi á ti ṣáájú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ, nítorí ẹnu àwọn èèyàn wa kì í ní ìdérí. Wọ́n á ti sọ fún ọ pé mo ta àga tí àwọn ọmọ mi rà fún mi, pé mo lé àkọ́bí mi jáde, pé orí mi ti fẹ́ẹ̀ dàrú látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ti àga yẹn, òótọ́ ni. Mo tà á. N kò lé ẹnikẹ́ni. Ti orí tó dàrú, ìwọ ka ìwé yìí tán ná, kó o wá dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ìwọ ṣáà mọ irú iṣẹ́ tá a ṣe. Ìwọ nídìí omi ọṣẹ, èmi nídìí áyọ́ọ̀nù, ìdúró látàárọ̀ dalẹ́. Bá a bá fẹ́ ká aṣọ ibùsùn, ìwọ á di etí kan mú, èmi á di èkejì, a ó nà án, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó sì rìn pàdé ara wa. Ẹnu ìrìn yẹn la ti máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ayé wa. Èmi a sì máa sọ pé, "Ọjọ́ tí mo bá fẹ̀yìn tì, àfi bí ilé bá ń jó ni n óò dìde lórí àga." Ọ̀rẹ́ mi, ó ní àdúrà tó yẹ kéèyàn fi mọ sẹ́nu.

Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ìfẹ̀yìntì, àwọn ọmọ mi gbé àga kan wọlé. Aláwọ ni, ó fẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Tó o bá ti tẹ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á ròkè fúnra rẹ̀. Gbogbo ará ilé gòkè wá wò ó. Àkọ́bí mi, èyí tó ń ta fóònù, ní, "Màmá, ìdúró ti parí. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa jẹun ọmọ." Mo sunkún. Mo gbàdúrà fún wọn títí ohùn mi fi há. Ó ní òun á tún máa bá mi mójú tó owó ńlá tí ọsibítù san fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, àti èyí tó ń wọlé lóṣooṣù, káwọn gbájú-ẹ̀ má baà lù mí ní jìbìtì. Mo kó káàdì báǹkì mi fún un. Mo tún ní kó ṣeun.

Bí ìjókòó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá mú ìgbálẹ̀, ọmọ mi obìnrin tá a jọ ń gbé á já a gbà: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ káráyé bú mi ni?" Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ mí, mínírà ni wọ́n á gbé wá. Oúnjẹ ń wá bá mi lórí àga, oorun náà ń wá bá mi níbẹ̀. Mo sanra, mo rò pé ìgbádùn ni. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi fi wú débi pé bàtà òde mi kọ̀ mí. Àtẹ̀gùn ilé wa tí mo ń sáré gùn tẹ́lẹ̀, mo wá ń dúró láàárín rẹ̀, mo ń díbọ́n bí ẹni tó ń wo ìta.

Mo lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ó tún un wọ̀n. Ó wá bi mí pé, "Màmá, ta ló so yín mọ́lẹ̀?" Mo ní wọn ò so mí, wọ́n ń tọ́jú mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa rìn láràárọ̀, kí n dín iyọ̀ kù, kí n gbàgbé mínírà, kí n sì máa lo oògùn lójoojúmọ́, kó má jẹ́ ìgbà tí orí bá fọ́ mi nìkan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kágò kó tó wọlé.

Mo pe àkọ́bí mi pé kó mú owó oògùn wá. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kóṣù parí ná. Ọjà ò yá." Mo ní owó tirẹ̀ kọ́ ni mo ń béèrè, tèmi ni. Ọmọ náà fi ẹ̀rín sí i: "Owó yín kẹ̀? Ṣebí òun lẹ jókòó lé yẹn."

Mo kọ́kọ́ bá a rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo bi ọmọ mi obìnrin, ó jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni. Owó mi ni wọ́n fi ra àga náà, Ọlọ́ṣẹ! Èmi ni mo fi owó ara mi ra ohun tó ń wú mi lẹ́sẹ̀, tí mo tún gbàdúrà lé e lórí. Wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Tèmi, àfi kí n kọ́kọ́ gba ọrọ̀ mi pa dà kí n tó rówó ra oògùn.

Mi ò ní tàn ọ́, mo ṣì jókòó lé e fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Mo ń rò ó pé bóyá aláìmoore ni mí. Ìwé girama ni mo kà mọ, èmi àti ìṣirò ò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Bóyá ọmọ tó ń ṣòwò mọ ohun tó ń ṣe jù mí lọ. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló wá fà mí. Èmi! Èmi Áyọ́ọ̀nù Gbígbóná, tí mò ń dá ẹrù aṣọ tútù gbé! Bó ṣe fà mí dúró báyìí, mi ò jókòó mọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá agẹrun tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, tó ti ń wá àga fáwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò ní pa dà wá gbà á?" Mo ní, "Bó o bá rí i pé mo wá gbà á, pe ọlọ́pàá." Èmi àti ẹ̀ la jọ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, àmọ́ inú mi dùn bíi tẹni tó ń bá àlejò tó pẹ́ jù gbé ẹrù rẹ̀ jáde.

Owó àga ni mo fi ra oògùn, mo fi ra bàtà ìrìn tó nípọn nísàlẹ̀. Mo wọ bàtà náà lọ sí báǹkì, mo ní kí wọ́n pa káàdì àtijọ́ kí wọ́n fún mi ní tuntun. Akọ̀wé ibẹ̀ ní, "Màmá, ṣé ọmọ yín mọ̀ sí i?" Mo ní, "Ọmọ mi kọ́ ló fẹ̀yìn tì."

Ni wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, o ṣáà mọ ẹnu rẹ̀, lalága. Ó ní kí n jókòó ká sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ìdúró ni n óò fi sọ tèmi."

"Ẹ gbà mí o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọmọ rẹ ò tọ́jú rẹ ni? Àgbàlagbà tó ń wọ bàtà eléré ìje kiri àdúgbò!"

"Kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹnu wọn ò ní bá mi gbé oògùn mì."

Ìgbà yẹn ni àkọ́bí mi tú èyí tó kù sílẹ̀: ó fẹ́ fi owó ńlá tó ṣẹ́ kù gba ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fowó ṣe? Ẹ ṣáà ti ní èmi."

Mo ní, "Mo ní ọ, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ bí ọjà rẹ ò bá yá, ṣé ìfúnpá mi á dúró de ìparí oṣù?"

Mo wá sọ fún wọn pé oúnjẹ àti oògùn ni yóò máa ṣáájú nínú owó oṣù mi, pé owó ńlá yẹn kò ní jáde fún òwò ẹnikẹ́ni, torí ọjọ́ àìsàn ni mo fi dè é, pé èyí tó bá ṣẹ́ kù lóṣù ni n óò máa fi ṣe ìyá àti ìyá àgbà. Ẹni tó bá sì fẹ́ fún mi lẹ́bùn, kó fi owó ara rẹ̀ rà á. Àkọ́bí mi jáde láì dágbére.

Kò tíì pè mí látìgbà náà. Ó ń dùn mí. Bí mo bá ń rìn láàárọ̀, mo máa ń bi ara mi pé ṣé kò yẹ kí n ti fọwọ́ ẹ̀lẹ̀ mú un. Mi ò mọ̀. Àmọ́ bàtà òde mi ti ń wọ̀ mí, mo ti ń gun àtẹ̀gùn láì wo ìta, nọ́ọ̀sì kì í sì í tún ìfúnpá mi wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Eléré Ìje. Mo máa ń juwọ́ sí wọn.

Mo gbọ́ pé ọdún tó ń bọ̀ ni ìfẹ̀yìntì kàn ọ́. Bí wọ́n bá gbé àga wọlé fún ọ, kọ́kọ́ béèrè pé owó ta ni. Káàdì rẹ, má fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó máa pè ọ́ ní màmá tó. Bó o bá sì ráyè, wá lópin ọ̀sẹ̀. Máa bọ̀ láti ìhà tìrẹ, kí n máa bọ̀ láti ìhà tèmi, ká rìn pàdé ara wa bí ìgbà tá à ń ká aṣọ ibùsùn.

Bá mi kí baálé rẹ, kó má fi ikọ́ yẹn ṣeré. Kí àwọn ọmọ, kí gbogbo ará ìdí ẹ̀rọ.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Lánàá, agẹrun dá mi dúró. Ó ní àkọ́bí mi wá gẹrun. Èrò pọ̀, àga ńlá yẹn nìkan ló ṣófo, òun sì ní kó jókòó. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní rárá, òun á dúró. Orí ìdúró ló wà títí ó fi kàn án. Bóyá ojú ló ń tì í, bóyá agídí ni, ta ló mọ̀? Bó bá tiẹ̀ jẹ́ agídí, ọ̀dọ̀ mi ló ti rí i. Ilẹ̀kùn mi ò tì. Àmọ́ káàdì wà lápò mi.

                                        Èmi ni tìrẹ tó ṣì wà lórí ìdúró,
                                        Áyọ́ọ̀nù Gbígbóná.