Bàbá Onígìtá Kò Tíì Kú

Mujeebat Àyọ̀ká ọmọ mi,

Mo kí ọ títí, mo kí ojú rẹ tó ń rí iná ìjọba, mo kí etí rẹ tó ń gba ariwo Èkó sára. Ṣé ara le bí òkúta? Allah kò ní fi ọ́ ṣe àwátì lọ́dọ̀ wa. Àwa náà wà níbí, à ń jẹ iṣu, oko sì ń jẹ wá. Ewúrẹ́ dúdú bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jọ Ràsáàkì ọ̀rẹ́ mi débi pé ó yẹ kí a sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá rẹ Mọ́ládé ní kí n kí ọ títí ìwé yóò fi kún, mo ní kó jẹ́ kí n rí àyè kọ ọ̀rọ̀ tèmi.

Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí fóònù ló dá gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ pé mo ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

O rántí pé o sọ fún mi pé o fẹ́ kó orin Abíọ́nà ẹgbẹ́ mi jọ, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Onígìtá, tó kọ́ ọ ní gìtá nígbà tí o ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ ní Ilua. O ní o fẹ́ tún àwọn orin náà kọ sínú àwo kan. O ní irú orin ìbànújẹ́ tó ń kọ yẹn, àwọn èèyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní irú rẹ̀, bulúùsì ni wọ́n ń pè é, inú oko òwú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àṣà wọn sì ni kí ọmọdé máa tún orin àgbà kọ láti fi yẹ́ ẹ sí. Mo ní ó dára. Mo tiẹ̀ bi ọ́ pé kí ló dé tí a fi ń lọ yá ìbànújẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà tó pọ̀ nílé báyìí, o rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò bi ọ́ ni bóyá àgbà náà gbọ́dọ̀ ti kú kí wọ́n tó yẹ́ ẹ sí.

Ọjọ́ ọjà ni Samsudeen tó ń bá wa ṣáàjì fóònù ní oríta pè mí pé àwo orin Mujeebat ti dé. Mo na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á. Ó ní kò ṣeé gbà, inú afẹ́fẹ́ ló wà. Mo wòkè. Mo bi í pé bí ọyẹ́ bá fẹ́ ńkọ́, ṣé kò ní gbé orin ọmọ mi lọ sí Ṣakí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ti so ó mọ́lẹ̀, ó wá fi fọ́tò tó wà lójú rẹ̀ hàn mí. Abíọ́nà ni, ó gbé gìtá sáyà, dúdú àti funfun, kò ní àwọ̀ kankan. Ọmọ mi, ṣé àwọ̀ ti wọ́n ní Èkó ni? Níbí, bí wọ́n bá ya fọ́tò rẹ ní dúdú àti funfun láyé ìsinsìnyí, ilẹ̀ ti gbà ọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, mo ní kí n gbọ́ ná. Samsudeen so fóònù mọ́ gbohùngbohùn rẹ̀ tó tóbi ju ilé wa lọ. Ohùn rẹ jáde, o ní o fi orin wọ̀nyí yẹ́ Bàbá Onígìtá ti Ilua sí, ẹni tí a kò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà o bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin rẹ̀ láti orí dé ìdí, òun fúnra rẹ̀ kò sì dá sí i níbì kankan. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá wà láyè ní í kọ orin ara rẹ̀? Ìgbà tó bá lọ tán ni ọmọ ń bá a kọ ọ́.

Ọjà tú. Aláta gbàgbé ata, òkadà méjì kọlu ara wọn láìsí ẹni tó gùn wọ́n. Èmi ni mo kọ́kọ́ ké. Mo sunkún débi pé àgùntàn wá mumi lẹ́sẹ̀ mi. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ilua, a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé awakọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi jókòó. Mo ru iṣu, ìyá rẹ gbé gààrí, Ràsáàkì sì ra aṣọ funfun, nítorí Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀ kó tó wọlẹ̀.

A sunkún wọ agbo ilé. Abíọ́nà ló jókòó sábẹ́ máńgòrò tó ń bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tó rí wa, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dìde, ó bá wa sunkún. Ó sun ún dáadáa kó tó bi wá pé ta ló kú, ó ní ẹkún tó tóbi tó yẹn, òun ò lè jókòó máa wò ó.  Ràsáàkì fi aṣọ funfun pamọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Abíọ́nà ti rí i. Ni mo bá sọ fún un pé òun ni. Ó bi mí pé láti ìgbà wo.

Mo ní láti ìdajì ọjà. Ó ní àbájọ tí ara fi ń wúwo fún òun.

Iṣu tí a rù kò ṣeé rù padà, a sè é níbẹ̀, òun ló sì jẹ jù. Ó ní òkú díẹ̀ ló mọ bí oúnjẹ ìsìnkú rẹ̀ ti dùn tó. Ó gba aṣọ funfun náà lọ́wọ́ Ràsáàkì, ó ní òun yóò fi rán ṣòkòtò Iléyá. A rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ fi di ògiri mú.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ǹ bá fi lẹ́tà yìí pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ gbọ́ orin náà. Samsudeen tó bá wa wá gbé fóònù lé e lórí itan, Abíọ́nà sì dijú. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà fún un, ó ní bó bá jẹ́ oko òwú ni, ìbátan ni wọ́n, inú oko òwú ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kí òun láti ọjọ́ yìí. Ó ń mi orí. Ó ní ọwọ́ rẹ yá ju tòun lọ.

Orin kan wá dé, èyí tó kọ fún Àpọ́nlé ìyàwó rẹ̀. O mọ ibi tó ti ń wí pé, Àpọ́nlé, òwú ti là, ṣé o ò bọ̀ mọ́. O mọ̀ pé ó máa ń dá ọwọ́ dúró níbẹ̀, tí Àpọ́nlé yóò dáhùn láti ìdí ààrò pé mò ń bọ̀. Lẹ́yìn tí obìnrin náà kú, ìwọ lo máa ń jókòó sórí odó, tí o máa ń dáhùn. Nínú àwo tìrẹ, o fi gìtá kún ibẹ̀, ó ń sáré wìrìwìrì bí eku nínú àjà, ó sì dùn. Abíọ́nà lajú. Ó ní kì í ṣe pé òun kò rí nǹkan fi síbẹ̀ ni òun ṣe fi í sílẹ̀.

Kò bínú, Mujeebat. Ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó gbé gìtá tirẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ká dáadáa mọ́, ọ̀kan nà sókè bí àlejò tó kọ̀ láti jókòó. Ó ta á díẹ̀díẹ̀, ó kọ ọ́ dé ibẹ̀, ó dákẹ́. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ ṣàánú rẹ̀, ó ní mò ń bọ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dà bí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ gbè é. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Abíọ́nà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí dídún okùn náà fi tán, ó wá fi gìtá tì sára máńgòrò. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀yẹ náà tóbi, àfi pé ó ti ṣáájú òun dé ibi tí òun ń lọ.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi, àfi ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Wàyí o, o mọ̀ pé mi ò kọ lẹ́tà rí kí n má tọrọ owó. Páànù ilé ìdáná ti jò, òjò ń rọ̀ wọlé débi pé àjàrà nìkan ló kù tí kò tíì hù nínú ilé. Oògùn koríko tún ti wọ́n. Mo ti fẹ́ kọ iye rẹ̀ síbí, mo sì pa á rẹ́. Owó tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀. Ra okùn gìtá dání. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ilua, má kí ẹnikẹ́ni, gba ẹ̀yìn ilé wọlé, odó náà ṣì wà níbi tí o fi í sí. Lẹ́yìn ìrun alásárì ló máa ń kọ ọ́. Bó bá dákẹ́, ìwọ sáà dáhùn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ tó ń ta gìtá kò ní rọ, ọmọ tìrẹ náà yóò dá ọ lóhùn nígbà tí o bá pè é, kò ní jẹ́ nígbà tí o kò gbọ́ mọ́. Mo ti sọ fún Abíọ́nà pé o ní ò ń bọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún òkú tó ń jẹun.

Èmi bàbá rẹ,
Ládòkun, Ìwéré-Ilé.