Òróró Kànáfùrù Lójú Omi

Alámìsì, lẹ́yìn Màgàríbì

Ebu funfun bí òwú ti ń bo ẹja àrọ̀ wa lára. Ẹni tó ta òróró kànáfùrù fún mi lọ́jà Adum, pé kí n fi wò wọ́n, ní kí n kọ́kọ́ pò ó mọ́ ọtí líle, kó lè wọnú omi. Alaaji ọkọ mi ní ọtí ò ní kan ẹja òun. “Dà á síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Mo dà á. Kí ló dé tí mi ò jiyàn?

Ó léfòó, ó ń dán. Àrọ̀ sì rèé, òkè omi ló ti máa ń gba atẹ́gùn. Inú òróró tó ń kun ẹja lóorun yẹn ni wọ́n ń yọ ẹnu sí ní gbogbo ọ̀sán.

Nígbà tí Alaaji fi kírun Àsárì tán, àwọn ẹja ti dákẹ́, wọn ò mira mọ́. “Yoo, ó dáa,” ló wí, “ara ti tù wọ́n.”

Mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹyọ kan ò yọrí.