Ẹ̀rọ Rẹ Kì í Ṣe Adití

                                        Ilé Àgbà Bíríkìlà,
                                        Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Púlọ́mbà mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Ọmọ rẹ obìnrin tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́, àti ọkọ rẹ̀, àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rẹ ṣe ẹṣin? Èmi wà. Mò ń jí, mò ń jẹun, mò ń sùn. Má bi mí ju ìyẹn lọ. Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti lọ, ẹni tó bá bi mí bóyá mò ń gbádùn, mo máa ń ní kó bèèrè nǹkan mìíràn.

Ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí bó ti máa ń ṣe, nítorí èmi ò mọ̀wé. Kó tó mú bírò ni mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má bá mi fi ṣúgà sí i. Bó bá parí, Télọ̀ yóò kà á sí mi létí kí n tó tẹ̀ka. Tẹ́lẹ̀ rí, n kì í ní kí ẹnikẹ́ni bá mi yẹ iṣẹ́ ọmọ mi wò. Wàá rí ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rẹ tí o yá mi ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé, ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀, èyí tí o fi ń wá páìpù nígbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí èmi á rẹ́ ògiri tán, tí ìwọ á tún wá fọ́ ọ. Mo ránṣẹ́ sí ọ lóṣù tó kọjá pé adití ni. Mo gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ̀rọ rẹ kì í ṣe adití. Ẹnìkan ló fi òwú dí i létí.

O mọ̀ nípa òrùka ìyàwó mi tó bọ́ sọnù nínú ọgbà ata lẹ́yìn ilé, kó tó di pé a da ilẹ̀ mìíràn lé e lórí. O mọ̀ pé kò jẹ́ kí n ra òmíràn. Òwú pupa ló so mọ́ ìka náà títí tó fi kú. Nígbà tí ìgbẹ̀yìn dé, kò bá mi sọ̀rọ̀ ìsìnkú, kò bá mi sọ̀rọ̀ ẹrù. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́lé lé òrùka mi lórí." Mo sì ṣèlérí fún un.

Ilẹ̀ yẹn náà ni ọmọ mi fẹ́ kọ́lé sí. Kò burú. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, yàrá méjì tí a wà kò sì gbà wá mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí òrùka. Ó ní kò sí wàhálà. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi to ẹ̀rọ náà, nítorí n ò lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Ó fi ẹnu ẹ̀rọ omi onídẹ kan sílẹ̀, ó gbé awo tó wà nídìí ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ké. Ó ní kí n wò ó, pé ó ti ń gbọ́ràn. Mo gbà á gbọ́. Ṣé n ò ní gba ọmọ mi gbọ́ ni?

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi rìn lórí ilẹ̀ yẹn láràárọ̀ bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọmọ mi á gbé àga wá, á gbé omi tútù wá, á ní kí n rọra, pé bóyá ilẹ̀ ti jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí. Mo ní kí búlọ́ọ̀kù máa bọ̀. Mo lọ síbi ibojì ìyàwó mi, mo ní kó má bínú, pé ilẹ̀ ò fẹ́ dá a padà.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, ni mo ní kí n tún rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìka mi ti gbẹ báyìí, òrùka tèmi ò dúró lára rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe ń gbé ẹ̀rọ sọ́tùn-ún sósì, òrùka bọ́, ó já sílẹ̀ níwájú awo. Mò ń wò ó tó ń dán. Ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo tún gbé e kọjá, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan náà ni òrùka méjèèjì ti wá. Ẹ̀rọ tí kò rí tèmi lórí ilẹ̀ gbalasa, báwo ni yóò ṣe rí tìyàwó mi nísàlẹ̀?

Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. Mo rántí ohun tí o kọ́ mi, pé bọ́tìnì kan wà tí à ń yí fún ohun tí a ò fẹ́ kí ẹ̀rọ dá lóhùn. Bí èèyàn bá yí i sókè jù nítorí ìṣó àti ìdérí ìgò, kò ní dá wúrà kékeré lóhùn mọ́, nítorí etí rẹ̀ kò mọ̀yàtọ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti yí i dé òpin.

Nígbà tí ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, n ò pariwo. Mo na ẹ̀rọ sí i, mo ní kó fi bọ́tìnì tó lè fi òrùka pa mọ́ hàn mí. Kò tilẹ̀ wojú ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ tààrà, ó sì fà á padà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ sinmi ni. Ẹ ti ń para yín lórí ọ̀rọ̀ yìí."

Mo ní, "Ṣé èmi ni o fẹ́ kó sinmi, àbí ilé rẹ ni kò lè dúró dè mí?"

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ di ikùn mú. Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn.

Ọ̀rẹ́ mi, ká ní ó wá bá mi pé ọmọ ń bọ̀, pé òun ò lè dúró mọ́, ǹ bá bínú, ǹ bá sì gbọ́. Ohun tó dùn mí jù ni omi tútù yẹn. Ó ń wò mí tí mò ń fi ẹ̀rọ tí òun ti dí létí wá òrùka ìyá rẹ̀, ó sì ń bá mi gbé àga kiri nínú oòrùn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹni tó ń kọ ọ́ kò tíì gbọ́ ọ. Kó máa kọ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ti lọ síbi iṣẹ́, mo yí bọ́tìnì náà wálẹ̀ pátápátá. Èyí tó wà fún etí ẹ̀rọ, mo yí i sókè dé òpin, mo rò pé bí etí bá ṣe mú tó ni yóò ṣe gbọ́ ohun tó jìn tó. Ariwo sọ. Ilẹ̀ pupa yìí ń bá a jà, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ rẹ pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó jìnnà, ariwo inú ilé tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa. Mo dín etí rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ariwo fi rọlẹ̀. Mo gbé awo sókè, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mò ń yí bọ́tìnì tó ń mú ẹ̀rọ bá ilẹ̀ mu títí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ fi dákẹ́. Mo wá ń rọra gbé e lọ, kò jìnnà sílẹ̀, n ò fi àlàfo sílẹ̀, bí ẹni tó ń fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀.

Mo rí ìṣó. Mo rí ìdérí ìgò. Mo rí sípánà rẹ kékeré tí o ní àwọn lébìrà mi jí. O jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀. Ibi tó wá kù ni abẹ́ búlọ́ọ̀kù. Mo kó wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi àgbà tí ẹ̀yìn ń ro. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn kan, tíín, bí ẹ̀fọn tó wà ní yàrá kejì. Mo gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi wọlẹ̀ kọjá ọrùn ọwọ́ kó tó kàn án. Ilẹ̀ ò jẹ ẹ́ rárá. Mo tún to búlọ́ọ̀kù bí mo ṣe bá wọn. N ò sunkún. Mo ti sun tèmi tán lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òrùka náà lápò báyìí, mo gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà tó ń kọ. Ó ti dá bírò dúró. Mo ní kó máa kọ lọ.

Kó kọ́lé rẹ̀. Mo ti mú ìlérí mi ṣẹ. Èmi fúnra mi ni n ó ta okùn ìpìlẹ̀ fún un, nítorí n ò ní jẹ́ kí ògiri wó lé ọmọ ọmọ mi lórí. Ṣùgbọ́n yàrá tó ní òun fẹ́ kọ́ fún mi, kó máa kó ẹrù sí i. N ò ní sùn níbẹ̀. Òrùka ìyá rẹ̀, òwú pupa ni n ó fi so ó mọ́rùn.

Bí ìpìlẹ̀ bá ti gbẹ, n ó gbé ẹ̀rọ rẹ wá fúnra mi. Bí mo ṣe to bọ́tìnì rẹ̀ ni wàá ṣe bá a. Bí àyè bá wà lọ́dọ̀ yín fún ẹni tó ń hanrun, ránṣẹ́ sí mi, n ò ní tètè padà.

Bá mi kí ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀. Sọ fún àwọn ọmọ kéékèèké pé ẹṣin kejì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó, kò lè sáré.

                                        Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé,
                                        Bíríkìlà. Àtẹ̀ka mi nìyí.

Ẹni tó ń kọ̀wé ní kí n jẹ́ kí òun fi ọ̀rọ̀ kan tòun kún un níbí. Mo ní kó lọ wá bébà tirẹ̀.