Ẹ Má Torí Ohùn Mi Ṣílẹ̀kùn

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú àìrí ọmọ yín láti ìgbà ìkórè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà ní Parakou yìí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Filomẹ̀nì, mo kí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ṣábẹ̀, àtàgbà àtọmọdé. Mo sì kí bàbá katikísì tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Torí mo mọ̀ pé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti máa ń ka lẹ́tà mi, tí gbogbo ìjọ á sì gbọ́ ọ, ni mo ṣe ní kí wọ́n kúkú tẹ eléyìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ. Ẹni tí kò bá wá sí ìsìn náà á rí i kà.

Ọyẹ́ ọdún yìí le. Eruku pupa ń wọ ojú, ó ń wọ oúnjẹ, ó sì ń wá ọ̀nà láti wọ inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí mo sọ fún yín nígbà tí mo wálé, èyí tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Yàrá tútù ni ilé-iṣẹ́ wa kọ́ fún un, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Èmi tí mò ń tọ́jú rẹ̀, abẹ́ páànù ni mò ń gbé ní àdúgbò Ladjifarani. Bí oòrùn bá mú, ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ìlara rẹ̀. Owó oṣù sì ń falẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí awakọ̀ tó ń bá wa jíṣẹ́ fi dé ọ̀dọ̀ yín lọ́wọ́ òfo. Ẹ má bínú. Iṣu tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, èmi àti Zakari, ọmọ ẹ̀yà Dendi tí a jọ ń ṣiṣẹ́, la jọ jẹ ẹ́. Ó ní kí n kí yín.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Banikanni, mo máa ń yà sọ́dọ̀ télọ̀ kan tó wá láti Ìdàáṣà, kí n lè gbọ́ èdè tó jọ tiwa. Ọjọ́ yòókù, Faransé ni mo fi ń rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, ẹ̀rín náà kì í sì í dé ikùn mi.

Ìyá mi, ẹ rán awakọ̀ sí mi pé ẹ gbọ́ pé wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níwájú ìpàdé, pé kí n bẹ̀ wọ́n, kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán, mo sì sọ̀rọ̀ náà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù. Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, tí wọ́n ní ìyípadà dé, àwọn kan wá kan ilẹ̀kùn Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, lọ́sàn-án gangan. Wọ́n fi kíkí ìjọba kí i, bí àwọn kamaráàdì ṣe ń kí ara wọn. Ó rò pé ará ibi iṣẹ́ òun ni, ó ṣílẹ̀kùn. A kò rí i mọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ kò ti ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni torí ohùn. Bí àwa ọmọ bá ti iléèwé dé, ẹ ó kọ́kọ́ bi wá ní ohun tí àlejò kò lè mọ̀, ìbéèrè àná kì í sì í ṣe ti òní. Inú máa ń bí mi nígbà náà, pàápàá bí òjò bá ń pa mí lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ sì ń béèrè èwo nínú adìẹ wa ló yarọ.

Ṣé ẹ rí i, ohun tí ẹ̀ ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló di iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń kọ ètò tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, èmi náà ni mò ń dán an wò kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án. Kí n lò ó dáadáa kọ́ ni ìdánwò. Mo ní láti lò ó bí aláìmọ̀kan, bí ẹni tó ń kánjú, àti bí olè. Zakari sọ mí ní Ọ̀tá Ẹ̀rọ. Mo ní kó máa pè mí bẹ́ẹ̀ nínú yàrá nìkan, torí ọ̀tá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń fi ṣeré láyé tí a wà yìí.

Ẹ̀rọ yìí ló mọ abúlé tí yóò gba irúgbìn òwú àti ajílẹ̀. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá lè pa abúlé kan rẹ́, àwọn àgbẹ̀ á sì máa retí ọkọ̀ tí kò ní dé títí òjò á fi kọjá. Nítorí náà ni oníkálukú fi ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbà á wọlé. Mo ń dán an wò lọ́jọ́ kan ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti gbogbo wọn. Ẹ mọ kíkí ìjọba: ẹnìkan á ní a ti ṣe tán fún ìyípadà, àwọn yòókù á dáhùn ní Faransé pé ìjà ń bá a lọ. Ìdáhùn yẹn ni wọ́n mú. Wọn kò lè gbàgbé rẹ̀, ó sì tún fi wọ́n hàn bí olóòótọ́. Ta ló fẹ́ dìde ní gbangba kó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò? Wọ́n á ní ó fẹ́ kí ìjà dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ ìpàdé dé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn kún gbọ̀ngàn. Ọ̀gá wa ní kí n sọ fún wọn bí ẹ̀rọ náà ṣe láàbò tó. Mo ní ààbò tí a kò tíì dán wò, a kò lè sọ pé a ní in. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbé wá sínú gbọ̀ngàn, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó dìde, ó sì ní kí n wọlé bí mo bá lè wọ̀ ọ́. Mo kọjú sí gbọ̀ngàn, mo na ìkúùkù sókè, mo sì kí wọn ní kíkí ìjọba. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ọ̀gá ló sì ròkè jù. Mo tẹ ohun tí wọ́n fi dáhùn. Ẹ̀rọ ṣí.

Obìnrin kan níwájú fi gèlè bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Mo sọ ohun kan ṣoṣo tí mo ti múra sílẹ̀ láti sọ: “Kamaráàdì, ọ̀rọ̀ yìí dára lẹ́nu gbogbo wa. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ẹnu ọ̀nà.” Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún wọn nípa ìyá kan tó ń bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè kó tó ṣílẹ̀kùn. N kò dárúkọ yín, n kò sì sọ ohun tó kọ́ yín bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi, ẹ̀rù bà mí lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ọkọ̀ tó bá ti rọra kọjá níwájú ilé wa, mo máa ń gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Ọ̀gá kò kí mi mọ́. Nígbà tó wá ránṣẹ́ pè mí, ó ní òun àti gbogbo àwọn yòókù ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn, pé kí n lọ sọ ohun kan náà ní Kutonu níwájú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gbogbo. Mo dúpẹ́. Ó ní kí n má tíì dúpẹ́. “Èmi nìkan lo dójú tì níbí, mo sì lè gbà á mọ́ra. Mi ò mọ inú àwọn tó máa jókòó síwájú rẹ lọ́hùn-ún.”

Mo máa lọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú pé ká ní ẹnìkan ti sọ fún Bàbá Kékeré pé kíkí yẹn kò tó ṣílẹ̀kùn, bóyá òun ni ì bá máa ka lẹ́tà yìí fún yín. N kò lè mọ̀ ọ́n kí n dákẹ́.

Rélùwéè máa gba Ṣábẹ̀ kọjá. N kò ní sọ̀ nígbà tí mo bá ń lọ. Nígbà tí mo bá ń bọ̀, mo máa sọ̀, mo máa wá kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ ó dá ohùn mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ọkàn yín á sì fẹ́ sáré wá ṣí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ná. Ẹ wá ìbéèrè tuntun, torí ìjọ lódindi ti gbọ́ ti adìẹ tó yarọ.

Kí Olúwa pa yín mọ́ fún wa, kó fi alábàárò sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó má jẹ̀ẹ́ kí a wá ara wa tì. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tí katikísì kò bá rántí kí. Bí inú bá ń bí wọn nílé pé ẹ fi mí síta pẹ́, ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń rántí gbogbo ohun tó wà nínú ilé wa, kí n lè dáhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Bonifasi